Ọjọ́ Kan Tí Wọ́n Fún Mi Létí Òkun Faransé

Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ọ̀rọ̀ náà lè tán: mi ò rí ilé gogoro onírin tí ẹ ń bi mí léèrè. Paris ló wà, ibi tí mo dé sì jìnnà sí Paris bí Ìkìrun ṣe jìnnà sí Sókótó. Abúlé kékeré kan létí òkun ni mo dé ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sì lò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ilé gogoro, kó wá ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí òkúta ṣe gún mi lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mọ́ mi, àti bí mo ṣe di olùtọ́jú ìyá oníyàá lọ́jọ́ tó yẹ kí ọmọ mi tọ́jú mi, kó fa àga súnmọ́ ibí.

Torino

Torino, ní òkè ilẹ̀ Ítálì, ni Mojísọ́lá àbíkẹ́yìn mi ń gbé. Iṣẹ́ badante ló ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń pè ní badante ni ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé: á wẹ̀ ẹ́, á bọ́ ọ, á fún un lóògùn, á dì í mú rìn. Arúgbó ti Mojí ń jẹ́ Signora Ines; signora ni wọ́n ń pe màdáámù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ mi ń sáré lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bọ̀ nígbà tí ọbẹ̀ tí mo sè bá ti dì nínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dùn mí tó. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti kúrò nílé, mi ò fojú kàn án mọ́. Ọmọ tó bí síbẹ̀, Ṣemílóore, ti ga jù mí lọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí físà jáde, mo sọ fún ara mi pé a ó jókòó, a ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi bó, á gbé orí lé itan mi, màá dirun fún un. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àga gígùn, á ní, "Màámi, ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́ yín." Kí n tó dé gbólóhùn kejì, oorun ti gbé e lọ. Fóònù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á dì í mú gírígírí, nítorí Signora lè pè nígbàkigbà.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, etí ara rẹ̀ ló máa ń dì mú sùn, etí ọ̀tún. Ẹni tó bá fa ọwọ́ yẹn kúrò níbẹ̀ ti jí i nìyẹn, gbogbo agboolé ló sì máa gbọ́ igbe rẹ̀. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, a máa ní bóyá ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí etí òun kó ni. Ní Torino, mi ò rí ọwọ́ lára etí mọ́. Fóònù ló gba ipò rẹ̀.

Ṣemí náà ò ràn mí lọ́wọ́. Èmi á fi Yorùbá bi í ní nǹkan, òun á fi èdè Ítálì dá mi lóhùn.

"Ṣemí, màmá rẹ dà?"

"È da nonna Ines."

Ó ní ó wà lọ́dọ̀ nonna Ines. Nonna ni ìyá àgbà. Mo ní, "Ta ni nonna? Ṣé èmi kọ́ ni nonna ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Ma tu sei nonna Nigeria!"

Ẹ gbọ́ bí. Èmi ni ìyá àgbà ti Nàìjíríà, ti ìlú ibẹ̀ wà lọ́tọ̀. Mo gbé e mì, kò dà nínú mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà sílé ni Mojí wọlé tayọ̀tayọ̀ pé òun ti gba àyè ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan gbáko, èmi àti òun nìkan. Ó ní òun máa mú mi lọ wo òkun ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ẹnubodè Faransé, nítorí ó mọ̀ pé mi ò fẹsẹ̀ kan omi òkun rí láyé mi. "Màámi, èmi gan-an ni màá di ọwọ́ yín mú wọnú omi." Inú mi dùn débi pé mo lọ sí ọjà Porta Palazzo, mo ra ẹ̀wà, mo bó o, mo lọ̀ ọ́, mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin sínú agolo bíi pé ọdún ló dé.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, ó dé, ó ń wo ilẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Signora ní àwọn náà fẹ́ lọ."

"Lọ síbo?"

"Sí òkun. Abúlé yẹn ni wọ́n ti máa ń lo ìgbà ooru ní kékeré. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ní òun á wá dúró tì wọ́n ní òun ò lè wá mọ́. Tí mi ò bá mú wọn dání, a ò lọ nìyẹn."

"Ṣé wọn ò bí ọmọ mìíràn ni?"

"Màámi!"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Bí kì í bá ṣe ti Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń gbé inú mi, ìbéèrè náà ì bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkúnlẹ̀

Mo ti pinnu pé màá fajú ro sí obìnrin náà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń tò ó lọ́kàn: màá kí i ní ṣókí, màá wo ibòmíràn. A dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo bá a tó ti jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Obìnrin tín-ín-rín, ó dé fìlà koríko, ó kun ètè rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n irun tó yọ lábẹ́ fìlà náà funfun báláú. Ó ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ dáadáa. Orúnkún mi ò bi mí kó tó kan ilẹ̀. Mo fi méjèèjì kúnlẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." (Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é nínú ìwé yìí, kì í ṣe "ó." Ẹ fojú fò ó, inú ló ń bí mi.)

"Madonna! È caduta!"

Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó nawọ́ láti gbé mi dìde, òun náà yọ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí àga. Mojí fi ọwọ́ kan gbá a mú, ó fi ọwọ́ kejì gbá mi mú. Ọkùnrin kan tó ń nu àtẹ̀gùn sáré jáde, ó kó mi lábíyá sókè, ó ń bi mí bóyá àyà ló ń dùn mí.

Mo ní, "Ìkíni ni! Mò ń kí wọn ni!"

Wọ́n fún mi lómi mu. Wọ́n fi ẹ̀rọ Signora yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, èmi tí mo jí ní àlàáfíà. Títí a fi dé ibùdókọ̀ ojú irin, obìnrin náà ń bojú wẹ̀yìn wò mí tàánútàánú, ó ń mi orí. Ó wá di pé èmi ni aláìsàn. Mojí ń fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, mo sì bú u.

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Mo rò pé bí a bá wọ ọkọ̀, èmi àti ọmọ mi á jókòó pọ̀. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àga onítáyà ní àyè ẹnìkan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mojí ló sì jókòó síbẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn wọn, mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan, mò ń wo ìpàkọ́ ọmọ mi. Kò sí ohun tí Signora kò béèrè. Omi. Ìborùn. Kí wọ́n ti fèrèsé. Kí wọ́n ṣí fèrèsé. Bí mo bá ti la ẹnu láti pe Mojí, obìnrin náà á ti pè é ṣáájú. Òkè ń kọjá, ihò abẹ́ òkè ń kọjá, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Ìpàkọ́ ni mo rí ní tèmi.

Nígbà tí a kọjá sí ẹ̀gbẹ́ Faransé, àwọn ọlọ́pàá wọlé. Wọ́n rìn kọjá gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ àwa méjì ni wọ́n wá dúró sí. Mojí mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ jáde, èmi náà mú páásípọ́ọ̀tù jáde. Ọ̀kan nínú wọn wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ìtìjú mú mi, inú sì bí mi, nítorí ojú gbogbo ọkọ̀ ti wà lára wa. Ni Signora bá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ gbà!

"Sono con me! Sono la mia famiglia!"

Mojí rọra sọ fún mi pé, "Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn la wà. Wọ́n ní ẹbí àwọn ni wá."

Ọlọ́pàá náà dá ìwé wa padà, ó kí wa, ó lọ. Signora na ọwọ́ fún súìtì rẹ̀ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wá kù sí mi lọ́wọ́. Mi ò tíì bínú sí obìnrin yìí tán, ó tún wá gbèjà mi. Ó ṣòro láti máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ bínú lọ, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú.

Abúlé

Abúlé náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Àwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n ni wọ́n fi kun àwọn ilé ibẹ̀, òdòdó bo ògiri, òkun sì wà nísàlẹ̀, ó ń dán débi tí ó ń ro èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Gbogbo òpópónà rẹ̀ ló jẹ́ àtẹ̀gùn. Àga onítáyà kì í gun àtẹ̀gùn. Mojí gbé iwájú, èmi gbé ẹ̀yìn, Signora jókòó sáàárín, ó ń nawọ́ sí òsì àti ọ̀tún, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Òógùn ń dà lára mi bí òjò.

Mo wọ ilé búrẹ́dì kan lọ ra búrẹ́dì. Mo nawọ́ sí èyí tí mo fẹ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kò mira. Mo tún nawọ́. Ó ń wò mí, kò sọ̀rọ̀, kò gbé búrẹ́dì. Mojí sáré wọlé, ó ní, "Màámi, ẹ kí wọn ná! Tẹ́ ò bá kọ́kọ́ kí wọn, wọn ò ní dá yín lóhùn." Mo ní "Bonjour." Ojú obìnrin náà tú ká, ó rẹ́rìn-ín, ó dì í fún mi. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé nítorí pé kò kí mi! Mo gbé búrẹ́dì mi, mo rìn jáde.

Ebi wá dé. A dé ilé oúnjẹ, a bá àwọn èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹja, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fi ẹ̀rín gbà wá, ó sì fi ẹ̀rín kan náà sọ pé àwọn ò se nǹkan mọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ìkejì ní bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ní bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan! Mo ní kí Mojí bi wọ́n bóyá ebi náà ń ti ilẹ̀kùn ní ìlú wọn. Kò bi wọ́n. A jókòó sábẹ́ igi, a ṣí kúlà. Signora bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu, ojú rẹ̀ pọ́n. "Piccante!" Ó ní ata ti pọ̀ jù. Ó ṣa ẹyin inú rẹ̀ jẹ, ó wá ti ìyókù sí iwájú mi bí ìgbà tí èèyàn ń ju eèpo iṣu sí ewúrẹ́. Mo tẹ orí mi ba, mo gbàdúrà fún sùúrù.

Etí omi

Yanrìn ni mo ń retí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo bá, ó gbóná, ó ń gún ẹsẹ̀. Níwájú wa, obìnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi dùbúlẹ̀ sínú oòrùn, kò wọ kọ́mú, kò wọ bùbá, kò sì jọ pé ó ń wá wọn. Mo yí ojú sí ibòmíràn. Ẹlòmíràn tún wà níbòmíràn. Mo wá ń wo ọ̀run. Signora rí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mojí tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ó gbé Signora jókòó sórí àga, ó bọ́ bàtà mi fún mi. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kàn sinmi ẹ̀yìn díẹ̀, ká wá wọ omi." Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Oorun gbé e kí ó tó pa ẹnu dé.

Inú bí mi, kí n má purọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Mo wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe rọ̀ mọ́ ọn. Mo wá ronú pé ta ló tún fẹ́ pè é, nígbà tí ẹni tó ń pè é jókòó síbí? Mo rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yọ fóònù náà, mo sọ ọ́ sínú kúlà. Ọwọ́ tó ṣófo náà dúró díẹ̀ lórí àyà rẹ̀. Ó wá gòkè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó di etí ọ̀tún mú.

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Signora fọwọ́ kàn mí léjìká, ó nawọ́ sí òkun. Mo mi orí pé rárá. Ó tún nawọ́, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé tó ń tọrọ nǹkan. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Wọ́n tọ́ mi pé àgbà kì í bẹ ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó o lábíyá bí mo ṣe rí i tí Mojí ń ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì lórí òkúta burúkú yẹn. Tín-ín-rín ni mo pè é, ẹ má gbà mí gbọ́. Obìnrin náà wúwo bí ọlọ. Ìbàdí mi ń ké. Ohun tí ọmọ mi ń gbé lójoojúmọ́ nìyí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun ni èmi sì ń bínú sí pé ó ń sùn.

A jókòó sí etí omi, torí ó ti rẹ àwa méjèèjì. Ìgbì kan dé, ó gbé ìró mi sókè. Mo kígbe "Jésù!" mo sì ki ohun tó súnmọ́ mi jù mọ́lẹ̀. Ọwọ́ Signora ni. Ó di ọwọ́ mi mú padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, èmi náà ń fi Yorùbá bá a wí. Omi náà tutù, ó sì dùn mọ́ ara. Àgbà méjì, nínú aṣọ, nínú òkun.

Wàhálà dé nígbà tí a fẹ́ dìde. A ò lè dìde. Mo fà á, ó fà mí, a jọ ṣubú padà. Ìgbì ń dé, òkúta ń yọ́ lọ lábẹ́ wa, omi ti dé àyà. Ẹ̀rù bà mí gidi. Signora yí ojú sẹ́yìn, ó la ẹnu láti pe ẹni tó máa ń pè.

"Mo..."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Èmi tí mo kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo fi ọwọ́ pa àgbà lẹ́nu mọ́ ní gbangba. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn kó wò ó. Ó wo Mojí níbi tó sùn sí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí etí. Ó wò ó pẹ́. Ó wá mi orí pé òun gbọ́, ó sì fi ìka kan sí ètè ara rẹ̀. A jókòó pa sínú omi, a dákẹ́, a di ara wa mú, a ń gbọ̀n.

Obìnrin tí kò wọ bùbá yẹn ló rí wa. Ó dìde bó ṣe wà, ó wọ́ wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ pọ̀ bíi ti ọkùnrin. Mo fi ìka sí ètè kó má pariwo, kò pariwo. Mo wò ó lójú, mo ní "Bonjour." Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo kúnlẹ̀ kún un, òun náà sì ń gbé mi dìde.

Ìpadàbọ̀

Oòrùn ti yí kí Mojí tó jí. Ó rí wa níbi tí a jókòó sí, aṣọ wa rin, irun Signora lẹ̀ mọ́ orí. Ó fò dìde.

"Màámi! Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ta ló ń jí ọmọ tó ń sùn?"

Ó bú sẹ́kún. "Ọjọ́ yín ni! Ọjọ́ kan péré tí mo rí gbà fún yín, mo wá fi sùn."

"Ọmọ mi, wíwo bí o ṣe ń sùn ni mo fi ọjọ́ náà ṣe," ni mo sọ. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi tó rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀ palẹ̀. Signora sọ nǹkan gígùn kan. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́, mo taku.

"Wọ́n ní ẹ bo àwọn lẹ́nu. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó dán irú ẹ̀ wò."

"Ṣé inú ń bí wọn ni?"

"Rárá o. Wọ́n ní ká fún àwọn ní mọ́ínmọ́ín tó kù."

Ẹyin nìkan ló tún ṣa jẹ.

Mo ti padà sílé báyìí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé jọ sí pálọ̀ mi, wọ́n mu mínírà mi tán, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí ní Faransé. Mo ní mo rí Mojísọ́lá tó di etí ara rẹ̀ mú sùn. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Mojí, ṣé ìyẹn nìkan lẹ wọ bàálù lọ wò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan ni.